Àwo Síídì Tí Ẹ Kọ Nílé Kò Fẹ́ Kọrin? Ẹ Má Tíì Jù Ú Nù

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, àpótí kan wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí àwo síídì kún inú rẹ̀. Wọ́n ra òmíràn lọ́jà, ṣùgbọ́n èyí tó ṣọ̀wọ́n jù ni èyí tí ọmọ ilé kan fi kọ̀ǹpútà kọ: ìwàásù, orin ọjọ́ ìgbéyàwó, ohùn bàbá àgbà níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì ìdílé. Ọjọ́ kan á dé tí wọ́n á ti ọ̀kan bọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á yí títí, á wá kọ “No Disc” sójú. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ irú àwo bẹ́ẹ̀ sí ààtàn nígbà tí kò tíì kú.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ fi ojúlówó síídì tí ẹ rà lọ́jà sínú ẹ̀rọ náà. Bí òun náà kò bá kọrin, ẹ̀rọ ló ń ṣàìsàn. Eruku ọyẹ́ tó bà lé ojú dígí inú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ojúlówó bá kọrin, ẹ gbé àwo yín lọ sínú kọ̀ǹpútà.

Bí kọ̀ǹpútà bá kà á tí ẹ̀rọ ilé kò kà á, ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ́ ni ẹ máa wò. Ilé iṣẹ́ Philips àti Sony ló fi ìlànà síídì olórin lélẹ̀ ní 1980, gbogbo ẹ̀rọ síídì ló sì mọ̀ ọ́n. MP3 dé lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ àtijọ́ kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹ ṣí àwo náà lórí Windows: bí ẹ bá rí “Track01.cda”, ti olórin ni, bí orúkọ orin bá parí sí “mp3”, èdè kejì ni. Ẹni tó bá ní òun kó ọgọ́rùn-ún orin sórí àwo kan, MP3 ló kó, nítorí ìṣẹ́jú 74 tàbí 80 péré ni síídì olórin ń gbà. Kò sí ohun tó ṣe irú àwo bẹ́ẹ̀. Ẹ tún àwọn orin náà kọ sórí àwo òfìfo, kí ẹ yan “Audio CD”.

Òmíràn wà tí wọn kò pa dé. Ẹ̀bá ihò àárín àwo ni ẹ̀rọ ti ń kọ́kọ́ wo àkójọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá ṣí i sílẹ̀ kó lè fi orin kún un lọ́la, ẹ̀rọ ilé lè má rí nǹkan kan. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan ṣì lè pa á dé. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ láàárín kíkọ (ta ni kò mọ iná wa!), CD-R yẹn sábà máa ń ṣòfò, nítorí ibi tí léésà bá ti jó kò ṣeé tún jó. CD-RW ṣeé pa rẹ́, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń dá padà kéré, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kì í rí i.

Èyí tó ń fò tàbí tó ń há lójú kan ló máa ń dunni jù. Aró ló wà nínú CD-R, òun ni léésà ń jó. Bí oòrùn ṣe ń ṣá aṣọ aláró ló ń ṣá tirẹ̀, nítorí náà iwájú dígí ọkọ̀ kọ́ ni ibùgbé rẹ̀. Kíkọ ọ́ ní eré àsápajúdé náà wà níbẹ̀. 16x sàn ju 52x lọ.

Ẹ̀yìn àwo, níbi tí a ń kọ orúkọ sí, ló sì gbẹgẹ́ jù. Ike tó nípọn ló bo ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ péré ló bo ẹ̀yìn. Báírò tí ẹ fi kọ “Ìsìnkú Màmá” síbẹ̀ lè pa ohùn Màmá. Ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀: ibi tí iná bá ti yọ bí ojú abẹ́rẹ́, ohun tó wà níbẹ̀ ti lọ. Bí ó bá ṣe pé ìsàlẹ̀ ló dọ̀tí, ẹ fi aṣọ òwú rírọ̀ àti omi tó ní ọṣẹ díẹ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí, ẹ má nù ún yípo. Yíyípo lè fa ìlà tí yóò bá ipa orin lọ, ẹ̀rọ kì í sì lè tún irú rẹ̀ ṣe.

Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà kan bá gbà láti kà á, ẹ má gbádùn orin lásán kí ẹ tún yọ ọ́. Ẹ da ohun tó wà níbẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà lójú ẹsẹ̀. Ètò kan tó ń jẹ́ Exact Audio Copy máa ń ka ibi tó bá ń há ní àkàtúnkà. Ó lè gba wákàtí púpọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, ọ̀kan sórí fìláàṣì nílé, ẹ fi èkejì ránṣẹ́ sí àbúrò tó wà ní Kánò tàbí Port Harcourt.