Òtútù Kì Í Wẹ Omi Mọ́: Bí A Ṣe Ń Ṣe Tíì Tútù Nínú Ilé

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí oòrùn oṣù kejì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ràn lórí àwọn òkè Adó, ohun tútù ni ọkàn gbogbo ènìyàn ń fẹ́. Àgbẹ̀ tí ó ti oko dé, ìyá tí ó ti ọjà bọ̀, àti ọmọ ilé-ìwé tí ó fi ẹsẹ̀ rìn wálé ní ọ̀sán gangan, òùngbẹ kan náà ni ó ń gbẹ gbogbo wọn. Láyé àtijọ́, omi inú àmù ni a fi ń pa òùngbẹ náà. Lónìí, omi inú ọ̀rá àti ohun mímu inú ìgò ni ó kún ìgboro, owó wọn kì í sì í ṣe kékeré fún ẹni tí ó ní ọmọ púpọ̀.

Ohun mímu kan wà tí a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe nílé, tí ó ń tu ara, tí kò sì gba ṣúgà púpọ̀: èyí ni tíì aláwọ̀ ewé tí a mú tutù. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ bí a ti ń ṣe é, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun kan tí àìmọ̀ rẹ̀ ti kó àìsàn wọ ilé púpọ̀: òtútù kì í wẹ omi mọ́.

Ohun tí tíì jẹ́

Tíì kì í ṣe àlejò ní Adó-Èkìtì. Ní òwúrọ̀, a ń rí àwọn Hausa tí wọ́n ń ta tíì oní-mílíìkì pẹ̀lú búrẹ́dì ní ẹ̀bá ọ̀nà. Tíì dúdú ni wọ́n ń lò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé igi ọ̀tọ̀ ni tíì aláwọ̀ ewé ti wá, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Igi kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá, ilẹ̀ Ṣáínà ni a sì ti kọ́kọ́ gbin ín fún mímu. Bí a bá já ewé náà, tí a jẹ́ kí ó rọ, tí a fi ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ lọ́ ọ, tí afẹ́fẹ́ sì ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, yóò di dúdú. Bí a bá sì tètè fi ooru kàn án kí afẹ́fẹ́ tó ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, yóò dúró ní àwọ̀ ewé. Ìyẹn ni ìyàtọ̀ wọn.

Àwọn ará Mali, Senegal àti Niger fẹ́ràn tíì aláwọ̀ ewé láti Ṣáínà. Wọ́n a máa sè é pẹ̀lú ṣúgà lórí ẹ̀yinná, wọ́n a sì bù ú fún àlejò ní ìgbà mẹ́ta. Gbígbóná ni wọ́n ń mu ún. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n sọ mímu tíì tútù di àṣà ńlá. Ní ọdún 1879, ìyá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Marion Cabell Tyree tẹ ìwé oúnjẹ kan jáde fún àwọn ará Virginia, ó sì kọ́ wọn níbẹ̀ bí a ti ń ṣe tíì oníyìnyín. Tíì aláwọ̀ ewé gan-an ni ó ní kí wọ́n lò. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1904, ìpàtẹ ọjà ńlá kan wà ní ìlú St. Louis nínú ooru gbígbóná, níbi tí ọ̀pọ̀ èrò ti mu ún, òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri.

Ní Nàìjíríà, òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba ni a ti ń gbin tíì jù. Ibẹ̀ ga ju ẹsẹ̀ bàtà 5,000 lọ, ó tutù, òjò sì ń rọ̀ púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tí ó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ ní ẹ̀bá Ìbàdàn, tí àwọn àgbẹ̀ kòkó wa mọ̀ dáadáa, ni ó ń ṣe ìwádìí lórí tíì pẹ̀lú, àti lórí obì, kọfí àti káṣú. Àwọn òkè Èkìtì kò ga tó ti Mambilla. Nítorí náà, kí àgbẹ̀ má ṣe yára náwó sórí igi tíì nítorí pé ẹnì kan polówó rẹ̀ fún un. Kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ẹni tí kò bá rí tíì aláwọ̀ ewé rà kò ní láti banújẹ́. Koríko ọba, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ewé tíì, wà lẹ́yìn ilé púpọ̀ ní Èkìtì. Kì í ṣe tíì tòótọ́, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ dára, ó sì ṣe é mu ní gbígbóná tàbí ní tútù.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ àti ìyàwó

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìyàwó ilé kan se omi, ó pọn tíì rẹ̀ dáadáa, ó sì sẹ́ ẹ. Nígbà tí ó kù kí ó mú un tutù, ó rán ọmọ lọ ra yìnyín ní ìgboro, ó fọ́ ọ, ó sì dà á sínú tíì náà. Ó bu ife kan fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá náà gbà á, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò mu ún.

Ó béèrè pé, “Ìyàwó mi, omi wo ni wọ́n fi ṣe yìnyín yìí?”

Ìyàwó dáhùn pé, “Ìyá, n kò mọ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ó mọ́ gaara, ó sì tutù.”

Ìyá ní, “Omi odò tí ó kó sòbìà bá wa nígbà èwe wa, ó mọ́ gaara, ó sì tutù.”

Ọ̀rọ̀ àgbà ni ìyá yìí sọ. Àwọn tí ó ti dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá rántí sòbìà. Ẹni tí ó bá mu omi adágún tí àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí wọ́n gbé ọmọ aràn náà mì wà nínú rẹ̀ kò ní mọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ó bá tó ọdún kan, aràn gígùn yóò máa yọ láti ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà mìíràn, àkókò iṣẹ́ oko gan-an ni ó máa ń dá àgbẹ̀ gúnlẹ̀, tí iṣu yóò sì wà nínú ilẹ̀ láìsí ẹni tí yóò wà á. Kì í ṣe oògùn ni a fi ṣẹ́gun rẹ̀. Aṣọ asẹ́ ni, àti kànga tí ó mọ́, àti ẹ̀kọ́ láti ilé dé ilé. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà. Bí a ti borí ìyẹn, kò yẹ kí a tún fi ọwọ́ ara wa bu àrùn mìíràn sínú ife.

Nítorí pé àwọn kòkòrò tí ó ń fa ibà táífọ́ìdì, onígbáméjì àti ìgbẹ́ ọ̀rìn kò ṣe é fi ojú lásán rí. Ooru omi híhó a máa pa wọ́n. Òtútù ń mú kí wọ́n sùn ni. Bí yìnyín bá ti yọ́ nínú ife, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò tún jí. Nítorí náà, bí omi tíì bá hó tí yìnyín rẹ̀ kò sì ti inú omi híhó wá, bí ẹni wẹ ọmọ mọ́ tí ó tún gbé e sínú ẹrẹ̀ ni.

Bí a ti ń ṣe é

Kí ẹni tí yóò ṣe é kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ àti gbogbo ohun èlò.

1. Kí a se omi lítà 2 títí yóò fi hó kùtùkùtù, kí ó sì máa hó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1 ó kéré tán.

2. Kí a bu lítà 1 nínú rẹ̀ sínú ohun èlò mímọ́ tí ó ní ìdérí, kí a sì jẹ́ kí ó tutù. Èyí ni a ó fi ṣe yìnyín bí a bá ní ẹ̀rọ amóhuntutù. Ó dára kí a ṣe èyí ní ọjọ́ kan ṣáájú.

3. Kí a ṣí ìdérí ìkòkò lítà 1 tí ó kù, kí a sì fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5. Tíì dúdú fẹ́ omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ṣùgbọ́n ti aláwọ̀ ewé kò fẹ́ ẹ; omi tí ó bá gbóná jù a máa fa ìkorò inú ewé náà jáde.

4. Kí a da ṣíbí kékeré 6 ewé tíì náà sínú rẹ̀, tàbí àpò tíì 6, kí a sì dé e fún ìṣẹ́jú 3. Ìwọ̀n yìí le díẹ̀, nítorí pé yìnyín yóò là á.

5. Kí a fi asẹ́ mímọ́ sẹ́ ẹ. Kí a má ṣe fún ewé náà, kí ó má baà korò.

6. Bí a bá fẹ́ oyin tàbí ṣúgà díẹ̀, ìgbà tí ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí a fi sí i. Nígbà tí ó bá ti tutù ni kí a fún ọsàn wẹ́wẹ́ tí a ti fọ̀ sí i.

7. Kí a wá da yìnyín tí a fi omi híhó ṣe sí i, tàbí omi híhó tí ó ti tutù, kí a sì mu ún lọ́jọ́ náà.

Ẹni tí yóò lo koríko ọba, kí ó ge ewé bíi 10, kí ó fọ̀ wọ́n dáadáa, kí ó gé wọn wẹ́wẹ́, kí ó sì sè wọ́n nínú omi lítà 1 fún ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn náà, kí ó sẹ́ ẹ, kí ó sì mú un tutù bí a ti wí. Ẹni tí kò bá ní in lẹ́yìn ilé lè tọrọ ìdì kan lọ́wọ́ aládùúgbò. Kí ó ya á sí ọ̀nà púpọ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò, kí ó sì gbìn wọ́n nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kí ẹsẹ̀ bàtà 2 wà láàárín ìdì kan sí èkejì.

Bí kò bá sí iná mọ̀nàmọ́ná

Kì í ṣe gbogbo ilé ni ó ní ẹ̀rọ amóhuntutù, iná mọ̀nàmọ́ná kì í sì í dúró. Àmù amọ̀ ṣì wà. Àwọn obìnrin Ìṣàn-Èkìtì ti mọ iṣẹ́ amọ̀ láti ìgbà pípẹ́, àwọn baba wa sì mọ̀ pé omi àmù a máa tutù ju omi inú ike lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé omi a máa sun díẹ̀díẹ̀ gba ara amọ̀ jáde. Bí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá sì gbé e lọ, a máa gbé ooru inú àmù lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Olùkọ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Jigawa, Mohammed Bah Abba, tí a bí sí ìdílé amọ̀kòkò, lo ọgbọ́n yìí. Ó gbé ìkòkò kékeré sínú ìkòkò ńlá, ó da iyanrìn tútù sí àárín wọn, ó sì fi aṣọ tútù bò ó lórí, kí ewébẹ̀ àwọn àgbẹ̀ má baà tètè bàjẹ́. Ó gba ẹ̀bùn Rolex fún iṣẹ́ náà ní ọdún 2000. Ìgò tíì tí a dé pinpin lè jókòó sínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀. Kí a máa bu omi sí iyanrìn náà, kí a sì gbé e sí ibòji tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Kò ní dì bí yìnyín, ṣùgbọ́n yóò tu ọ̀fun. Ìgbà ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń ṣiṣẹ́ jù. Ní ìgbà òjò, agbára rẹ̀ a dínkù nítorí ọ̀rinrin.

Ìkìlọ̀ díẹ̀

Tíì tòótọ́ a máa dí ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin tí ó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, èyí tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, kí aboyún àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó má ṣe mu ún pẹ̀lú oúnjẹ. Kí wọ́n jẹ́ kí ó tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ. Ó lè lé oorun lọ bí a bá mu ún ní alẹ́. Koríko ọba kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí a má ṣe fi oyin sí ohun tí a ó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Kí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ mu ún láìsí ṣúgà. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, tíì kì í ṣe oògùn ibà. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní Ìkógòsí, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọn yóò fi pàdé, ènìyàn a sì máa ti ọ̀nà jíjìn wá wò wọ́n. Nínú ife tíì wa pẹ̀lú, gbígbóná àti tútù ní láti pàdé, ṣùgbọ́n gbígbóná ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ní ọjọ́ ìkórè, nígbà tí àlejò bá kún ilé tí gbogbo wọn sì ń béèrè ohun tútù, kí ìyá ilé rántí ìbéèrè ìyá ọkọ yẹn: omi wo ni wọ́n fi ṣe yìnyín yìí? Bí ó bá lè dáhùn pé, “Èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi sè ni,” kí ó bù ú fún wọn, kí wọ́n sì mu ún pẹ̀lú àlàáfíà.