Òwú Wo Ni Ó Bá Omi Mu?

Ẹni tí ó bá gba òpópónà Ìkòròdú kọjá ní Kétu àti Máìlì 12 lè rò pé ọjà nìkan ni ó wà ní agbègbè náà. Ata, tòmátì, iṣu àti àlùbọ́sà ni ojú ń rí. Ariwo ọkọ̀ ni etí ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò jìnnà síbẹ̀ rárá tí odò Ògùn ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà, lẹ́yìn tí ó ti rìn láti ìhà Ṣakí, tí ó sì ti gba Abẹ́òkúta kọjá. Ní Àgbóyì, tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń dé ibẹ̀ láti Kétu, iṣẹ́ ẹja pípa ti di àjogúnbá. Bí ọkọ̀ apẹja dára, tí àjẹ̀ rẹ̀ sì le, bí òwú àwọ̀n rẹ̀ kò bá bá omi mu, ọwọ́ òfìfo ni yóò gbé padà wálé.

Àwọn baba ńlá wa kì í ra òwú àwọ̀n nínú páálí. Òwú tí àwọn ìyá àgbà ran ni wọ́n ń lò, tàbí ìko tí wọ́n ya, tí wọ́n gbẹ, tí wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ lọ́ lórí itan títí ó fi di okùn. Àléébù òwú ìgbà náà ni pé kì í pẹ́ jẹrà nínú omi. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń bó èèpo igi ẹ̀gbà, igi tí ó ń ta gbòǹgbò sínú omi lẹ́bàá ọ̀sà, tí wọ́n á sè é títí omi rẹ̀ yóò fi pọ́n dòdò, kí wọ́n tó rẹ àwọ̀n sínú rẹ̀. Oje èèpo náà ni kì í jẹ́ kí àwọ̀n tètè jẹrà, àwọ̀ rẹ̀ sì ń bo àwọ̀n lójú ẹja. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, dandan ni kí wọ́n kó àwọ̀n jáde, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì sá a sóòrùn. Ibi ìsáwọ̀n yìí ni ọmọdé ti ń jókòó ti bàbá rẹ̀, tí ó ń wo bí a ti ń dí ojú tí ó ya, tí ó sì ń gbọ́ ìdí tí a fi yan òwú yìí tí a kọ tọ̀hún.

Ní ọdún 1935 ni Wallace Carothers àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ṣe náílọ́ọ̀nù. Nígbà tí òwú náà dé etí omi tiwa lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, kíá ni àwọn apẹja gbà á. Kì í jẹrà, ó lágbára ju òwú ìbílẹ̀ lọ, a sì lè fi í sílẹ̀ nínú omi fún ìgbà pípẹ́. Oòrùn nìkan ni ọ̀tá rẹ̀. Òwú tí wọn kì í ṣàì sá tẹ́lẹ̀ wá di èyí tí a ń fi pamọ́ sábẹ́ ibòòji. Ọjọ́ ìsáwọ̀n parẹ́. Ẹ̀kọ́ tí ó ń bá a rìn ni kò sì rí ibòmíràn jókòó sí.

Ẹ̀kọ́ náà ṣì wà lẹ́nu àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá dé ọ̀dọ̀ olówùú, tí ó ní, “Ẹ kú ọjà, Ìyá, ẹ bá mi mú òwú àwọ̀n tó dáa,” ìyá tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní tètè na ọwọ́ sí páálí. Yóò kọ́kọ́ bi í pé, “Ẹja wo lo fẹ́ pa, ọmọ mi? Omi wo sì ni?”

Ìbéèrè gidi ni. Lára páálí òwú ni a ti ń rí nọ́ńbà bíi 210/3, 210/6 àti 210/9. 210 yẹn ni ìwọ̀n fọ́nrán kan: bí a bá na fọ́nrán náà tó 9,000 mítà, gíráàmù 210 ni yóò wọ̀n. Nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé e ni iye fọ́nrán tí a lọ́ pọ̀. Òwú tín-ín-rín kì í hàn sí ẹja, ẹpìyà a sì máa kó sí i láìfura. Ṣùgbọ́n bí akàn bá pọ̀ níbi tí a ta á sí, èékánná wọn yóò gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Obokún ní ẹ̀gún lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀gún tí ó ní eyín bí ayùn. Bí ó bá lọ́ mọ́ òwú tẹ́ẹ́rẹ́, apẹja yóò fi wákàtí gbáko tú u, yóò sì fi òmíràn dí àwọ̀n. Òwú tí ó nípọn díẹ̀ ni ó yẹ é. Nígbà òjò, tí odò Ògùn bá pọ́n, tí ẹrẹ̀ kún inú rẹ̀, àwọ̀ òwú kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi fà, tí ó mọ́, tí omi iyọ̀ ọ̀sà sì ń gòkè, ẹja ń ríran. Nígbà náà ni a ń mọ ẹni tí ó yan àwọ̀ dáadáa.

Èyí kì í ṣe ọgbọ́n ilẹ̀ wa nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan wà tí wọ́n ń fi òwú sẹ́dà di ìyẹ́ ẹyẹ mọ́ ìwọ̀ kí ó lè jọ kòkòrò lójú ẹja. Ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní Westminster ní ọdún 1496 ti kọ́ wọn bí a ṣe ń pa irun ìrù ẹṣin láró láti fi ṣe okùn ìwọ̀, àwọ̀ kan fún omi kan. Ó sì ka iye irun fún wọn: ẹyọ kan fún ẹja tí ó kéré jù, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ẹja sámọ́ọ̀nù ńlá. Kí ni ìyẹn bí kì í bá ṣe 210/3 àti 210/9 ní ọ̀nà mìíràn?

Ìdánwò òwú kò ṣòro. A ó gé díẹ̀, a ó tú u láti ka fọ́nrán rẹ̀, nítorí páálí a máa purọ́. A ó fi iná kàn án: náílọ́ọ̀nù yóò yọ́, yóò sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀, òwú gidi yóò jó, yóò sì di eérú. Ṣùgbọ́n ìdánwò tí ó ga jù ni ti kókó. Kò sí òwú tí kókó kì í dín agbára rẹ̀ kù. Nítorí náà, ẹni tí ó fa òwú láìta kókó kò tíì dán nǹkan kan wò. A ó rẹ ẹ́ sómi, a ó ta á ní kókó, a ó sì fà á pẹ̀lú agbára. Náílọ́ọ̀nù tuntun máa ń yọ̀. Bí kókó kan bá tú, a ó ta á ní méjì.

Àríyànjiyàn òde òní wà lórí òwú ẹlẹ́yọ kan tí ó mọ́ bíi gíláàsì. Ó ń pa ẹja púpọ̀, owó rẹ̀ kò sì wọ́n, ni àwọn ọ̀dọ́ wí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ṣòro láti dí. Bí ó bá ya, àjùsómi ni. Láti ọdún 1984 tí ewéko ojú omi olódòdó aláwọ̀ àlùkò ti gba ọ̀nà Pọ̀tọ̀nófò wọ orílẹ̀-èdè wa, ni ó ti ń wọ́ àwọ̀n lọ mọ́ apẹja lọ́wọ́. Àwọ̀n òwú ìbílẹ̀ tí ó bá sọnù yóò jẹrà. Àwọ̀n náílọ́ọ̀nù kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Yóò máa pa ẹja nìṣó nísàlẹ̀ omi, ẹja tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹ, nínú omi kan náà tí ẹni tí ó ni ín yóò tún lọ da òmíràn sí lọ́jọ́ kejì. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá lè dí àwọ̀n rẹ̀ kì í fi í sílẹ̀ lọ láìwá a. Ẹ̀bi kò sì lè jẹ́ ti ọ̀dọ́ nìkan, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò jókòó tì í kọ́ ọ ní àwọ̀n dídí.

Àwọ̀n olówùú lílọ́ tí ó bá gbó kọjá dídí kò lọ lófo ní tirẹ̀. Wọ́n a máa fi í yí ọgbà ẹ̀fọ́ ká, kí adìyẹ má baà wọ̀ ọ́.