Ìlúpéjú ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, Ògùn ni wọ́n ń sùn: ta ló ni owó orí wọn?

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lójoojúmọ́ ni ọkọ̀ ti ń kún ní Sángo Ọ̀tà, Akútè, Àgbàdo àti Ìbàfò, tí àwọn òṣìṣẹ́ á sì máa wọ́ lọ sí Ìkẹjà, Agége àti Ìlúpéjú. Láwọn iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ike, ilé ìkẹ́rùsí àti ọ́fíìsì tó wà káàkiri òpópónà Coker àti Town Planning Way, ó ṣòro kéèyàn rí ọ̀gá tó gba èèyàn mẹ́wàá síṣẹ́ tí kò ní í rí méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn tó jẹ́ pé ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ti ń wá. Èkó ni wọ́n ti ń gba owó oṣù, Ògùn ni wọ́n ti ń san owó ilé. Ohun tó wáá ń fa àríyànjiyàn ni owó orí tí ọ̀gá ń yọ lára owó oṣù wọn, èyí tí tẹrú-tọmọ mọ̀ sí PAYE. Èwo nínú ìpínlẹ̀ méjèèjì ló ni ín?

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kì í tiẹ̀ bi ara wọn ní ìbéèrè náà rárá. Èkó ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, nítorí náà LIRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba Èkó, ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ fún. Téèyàn bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, àá ní ó bọ́gbọ́n mu, àmọ́ ohun tí òfin sọ kọ́ nìyẹn. Òfin Nàìjíríà kì í wo ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ kó tó mọ ìpínlẹ̀ tó máa gba owó orí rẹ̀. Ibi tó ń gbé ló ń wò.

Nígbà kan, ọ̀rọ̀ yìí kò lè dá wàhálà kankan sílẹ̀ láàrin Ìlúpéjú àti Ọ̀tà. Nígbà tí Ìkẹjà, Mushin àti Agége ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, àpò kan náà n'Ìbàdàn ni owó orí àwọn méjèèjì ń lọ. Ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 1967 ni ìjọba ológun dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, tí wọ́n sì gé Ìkẹjà àti agbègbè rẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó di ọjọ́ 3, oṣù kejì, ọdún 1976, wọ́n yọ ìpínlẹ̀ Ògùn jáde lára Ìwọ̀ Oòrùn. Àtìgbà náà ni ààlà ti wà láàrin ibùsùn àti ibi iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ilé ti so mọ́ ilé débi pé ẹni tó ń ti Alákukọ lọ sí Sángo lè má mọ ìgbà tó kúrò ní Èkó.

Àwọn tó kọ ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 mọ̀ pé irú èyí lè fa ìjà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí Ilé Aṣòfin àpapọ̀ bá gbé gbígba owó orí lé àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe òfin náà lọ́nà tí ìpínlẹ̀ méjì kò fi ní í gba owó orí kan náà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Òfin owó orí ọdún 1993 ló wá là á sílẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa mọ ẹni tó ni ta. Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní ọdún ni òfin náà fi ṣe òdiwọ̀n. Ilé tí òṣìṣẹ́ ń gbé lọ́jọ́ náà ló ń pinnu ìpínlẹ̀ tó máa gba owó orí rẹ̀ fún odidi ọdún. Ẹni tó kó láti Agége lọ sí Sángo lóṣù kẹta, Èkó ló ṣì ni ín títí ọdún fi máa parí. Òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé àlejò kò sí nínú ohun tí wọ́n kà sí ilé, àyàfi tí onítọ̀hún kò bá ní ibòmíràn tó lè forí pamọ́ sí.

Ibi tọ́rọ̀ ti lọ́jú díẹ̀ ni ti ẹni tó ní ilé méjì. Irú wọn pọ̀ gan-an ní Ìlúpéjú. Ìyàwó àtàwọn ọmọ wà l'Ábẹ́òkúta, bàbá gba yàrá kan sí Mushin tó ń sùn láàrin ọ̀sẹ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, ó di ilé. Òfin 1993 ní ilé tó bá sún mọ́ ibi iṣẹ́ ẹni bẹ́ẹ̀ jù ni kí wọ́n kà sí ibùgbé rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, Èkó ló ni owó orí bàbá yẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé Abẹ́òkúta ló ń pè ní ilé. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe lọ́dún 2011, wọ́n fi kún un pé fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka iléeṣẹ́ tàbí ní ojú iṣẹ́ bíi ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta àti fakitiri, ibi tí ojú iṣẹ́ náà wà ni kí wọ́n wò. Ẹni tó bá gbọ́ èyí nìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ parí, gbogbo ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní fakitiri Ìlúpéjú, ti Èkó ni. Ṣùgbọ́n inú àlàyé lórí ẹni tó ní ju ilé kan lọ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹni tó jẹ́ pé Akútè nìkan ló ní ilé sí, tó ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣà yàn nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Láti ọjọ́ 1, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2026 ni àwọn òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí lọ́jọ́ 26, oṣù kẹfà, ọdún 2025 ti gbapò òfin 1993. Iye tí wọ́n ń gbà ló yí padà jù, àmọ́ ìlànà tó sọ ẹni tó ń gbà á kò yí. Ìpínlẹ̀ téèyàn ń gbé ló ṣì ni owó orí rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kó tó san owó oṣù. Kódà, iléeṣẹ́ kékeré tí òfin tuntun yọ̀ǹda fún pé kó má san owó orí iléeṣẹ́ fún ìjọba àpapọ̀ kò bọ́ nínú iṣẹ́ yìí.

Ká wo bó ṣe máa rí lójú owó. Ká ní òṣìṣẹ́ kan ń gba N150,000 lóṣù, tó jẹ́ N1,800,000 lọ́dún, tó sì ń san N300,000 owó ilé ní Sángo. Òfin tuntun ní kí wọ́n yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé náà kúrò, ìyẹn N60,000, kí wọ́n tó ṣírò. (Ohun tí wọ́n lè yọ fún owó ilé kò gbọ́dọ̀ ju N500,000 lọ.) Ó ku N1,740,000. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lórí N800,000 àkọ́kọ́. N940,000 tó kù, náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, tó jẹ́ N141,000 lọ́dún tàbí N11,750 lóṣù, tá a bá fi owó ìfẹ̀yìntì àti àwọn nǹkan mìíràn tí òfin gbà kí wọ́n yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ọ̀gá bá ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n ń ti Ògùn wá, N70,500 ló ń yọ lóṣù, N846,000 lọ́dún.

N846,000 yìí ni ìdààmú wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀gá bá kó o fún Èkó, Ògùn lè sọ pé òun kò rí nǹkan kan gbà lórí àwọn tó ń gbé lọ́dọ̀ òun. Ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ kọ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ lọ o, torí wọ́n ti yọ owó lọ́wọ́ ìyẹn. Ọ̀gá tó yọ ọ́ ni wọ́n máa bi léèrè ibi tó kó o sí. Òfin 1993 fún àwọn agbowó-orí láyè láti padà sẹ́yìn dé ọdún mẹ́fà, ìtanràn àti èlé sì máa ń gorí owó tí kò bá dé ibi tó yẹ kó dé lásìkò. Ẹni tó ń ta báàgì ike tàbí tó ń tẹ kàlẹ́ńdà, ibo ló ti fẹ́ rí owó ọdún mẹ́fà kó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan?

Ohun tó dájú ni pé kò yẹ kí ìpínlẹ̀ méjèèjì gba owó náà, ìwé òfin ti sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n máa gbà yanjú rẹ̀ ló gùn. Láti ọdún 1961 ni àjọ àpapọ̀ àwọn agbowó-orí, ìyẹn Joint Tax Board, ti wà, ara iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti dá sí irú èdèàìyedè báyìí. Òfin 2025 ti sọ ọ́ di Joint Revenue Board. Wọ́n tún dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tax Ombud, níbi tí ẹni tó ń san owó orí lè fi ẹjọ́ agbowó-orí sùn.

Ìjọba Ògùn ní ẹ̀dùn ọkàn tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀nà Sángo àti ti Akútè, Ògùn ni wọ́n ń dá lẹ́bi tí kòtò bá wà níbẹ̀. Ilé ìwé ìjọba táwọn ọmọ òṣìṣẹ́ Ìlúpéjú ń lọ àti ọsibítù tí wọ́n ń sáré gbé ìyá wọn lọ lóru, Ògùn náà ló wà. Àwọn tó ń gbèjà Èkó náà kì í ṣaláì fèsì: títì Èkó làwọn èèyàn yìí ń rìn látàárọ̀, ọjà Èkó ni wọ́n ń ná. Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú àti Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún fọwọ́ síwèé àdéhùn lóṣù karùn-ún ọdún 2021 láti dá àjọ tí yóò máa mójú tó ìdàgbàsókè ìpínlẹ̀ méjèèjì lápapọ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin pupa tí Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kó èrò lóṣù kẹwàá ọdún 2024 pàápàá, Àgbàdo tó wà ní Ògùn ló ti ń gbéra, kó tó gba Agége àti Ìkẹjà kọjá lọ sí Òyìngbò. Rélùwéè kò mọ ààlà, agbowó-orí ló mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí àrùn kòrónà dé, ọ̀rọ̀ náà tún gba ibòmíràn yọ. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí àwọn ará Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló tipa bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé akọ̀wé owó lè fi kọ̀ǹpútà àgbélétan ṣe ìwé owó láti yàrá rẹ̀, àti pé ẹni tó ń ya àwòrán fún iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kò nílò láti wọ mọ́tò wá sí Ìlúpéjú kó tó ṣe é. Àwọn kan kò padà sí ọ́fíìsì mọ́, àwọn mìíràn ń yọjú lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Fún irú wọn, ìdáhùn tiẹ̀ tún rọrùn ju ti ẹni tó ń wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́ lọ, torí ilé àti ibi iṣẹ́ ti di ọ̀kan. Ẹni tó ń gbé ní Ọ̀tà, Ògùn ló ni ín. Tó bá jẹ́ Ìbàdàn ló jókòó sí, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, bó tiẹ̀ jẹ́ pé báńkì tó wà ní Ìlúpéjú ni owó oṣù ti ń jáde. Ẹni tó wà ní Ọ̀tà àmọ́ tó jẹ́ iléeṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń ṣiṣẹ́ fún lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò rí ọ̀gá tó máa bá a yọ owó náà níbí, òun fúnra rẹ̀ ló máa lọ bá ìjọba Ògùn.

Ẹni tó bá ní mọ̀lẹ́bí ní Amẹ́ríkà ti lè gbọ́ pé ti ibẹ̀ yàtọ̀. Ní New York, bí iléeṣẹ́ bá wà níbẹ̀ tí òṣìṣẹ́ sì ń gbé ní ìpínlẹ̀ mìíràn, New York máa ń gba owó orí lórí ọjọ́ tó fi ṣiṣẹ́ nílé pẹ̀lú, àyàfi tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló kàn án nípá láti wà níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Edward Zelinsky, tó ń kọ́ni ní òfin ní New York àmọ́ tó ń gbé ní Connecticut, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní New York sì dá a lẹ́bi lọ́dún 2003. Ìpínlẹ̀ New Hampshire, tí kì í gba owó orí lórí owó oṣù, pe Massachusetts lẹ́jọ́ lọ́dún 2020 nítorí pé ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ará ìlú òun tí kòrónà sé mọ́lé. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ náà lóṣù kẹfà ọdún 2021. Nàìjíríà kò ní irú òfin New York yẹn, nítorí náà kí ọ̀gá kankan má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ti òkè òkun dé fi ti ibẹ̀ ṣe àlàyé fún òun.

Fún oníṣòwò kékeré, ìwé ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Nínú oṣù kìn-ín-ní ọdọọdún ló yẹ kó gba àdírẹ́sì gbogbo òṣìṣẹ́, kí kálukú sì fọwọ́ sí i, torí pé ọjọ́ 31 oṣù náà ni ìwé ìṣirò ọdún tó kọjá gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn agbowó-orí. Àwọn tó bá ń gbé ní Ògùn, kó yọ orúkọ wọn sọ́tọ̀, kó forúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ agbowó-orí Ògùn, kó sì máa san tiwọn síbẹ̀ kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀ tó kọjá, bó ṣe ń san ti àwọn yòókù fún LIRS. Kó gba rìsíìtì méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá sì kó kúrò láàrin ọdún, kí ó kọ ọjọ́ tó kó sílẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé òun lè fi Èkó bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò tíì ro ti ẹ̀dínwó owó ilé yẹn dáadáa. Kí òṣìṣẹ́ tó lè jẹ ẹ̀dínwó náà, ó ní láti mú ẹ̀rí wá pé lóòótọ́ lòun san owó ilé. Orí rìsíìtì onílé náà ni wọ́n ti máa rí i pé Sángo ni, àbí Àjùwọ̀n. Ìwé tó fi ń dín owó orí kù náà ló ń sọ ìpínlẹ̀ tó ni ín.

Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ti ń rí i níbòmíràn. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ra ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní Ìbàfò àti Ọ̀tà. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní C of O lọ́dọ̀ ìjọba Ògùn, wọ́n máa ní kí wọ́n mú ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta wá. Bí gbogbo owó tí wọ́n yọ lọ́wọ́ wọn bá ti lọ sí Èkó, ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn ní Ìlúpéjú ni wọ́n ti máa ń wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé.