Bọ́ọ̀lù Inú Gíláàsì: Kí Ni Pinball Ń Kọ́ Àwọn Ọmọ Wa?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ẹ bá ti wọ ilé eré kan rí ní Amẹ́ríkà níbí, bóyá níbi ọjọ́ ìbí ọmọ, ẹ ó ti rí i: àpótí gígùn kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí gíláàsì bo orí rẹ̀, tí iná aláràbarà ń tàn tó sì ń kú nínú rẹ̀, tí bọ́ọ̀lù irin kékeré kan ń sáré kiri. Pinball ni wọ́n ń pè é. Bó bá wá jẹ́ èyí tí wọ́n fi eré bọ́ọ̀lù tàbí básíkẹ́ẹ̀tì ṣe ọ̀ṣọ́ sí, kì í pẹ́ tí àwọn ọmọ yóò fi pagbo yí i ká, bàbá wọn náà á sì sún mọ́ ọn.

Àwọn òbí kan máa ń béèrè pé: ṣé eré lásán nìyí, àbí tẹ́tẹ́ ni? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn mi ni pé eré ọwọ́ àti ojú ni. Ṣùgbọ́n ó níbi tó ti fara jọ tẹ́tẹ́, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ ká fi han àwọn ọmọ wa.

Ìdí tó fi ń fà wá

Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan. Ní ọdún 1994, ilé iṣẹ́ Bally gbé ẹ̀rọ kan jáde tó ń jẹ́ World Cup Soccer, nítorí Ife Àgbáyé tí wọ́n gbá ní Amẹ́ríkà lọ́dún náà. Gólì kékeré kan wà níwájú ilé, tó ń lọ sọ́tùn-ún, tó ń bọ̀ sósì. Apá kékeré méjì wà nísàlẹ̀, bọ́tìnnì wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Àwọn apá yìí lẹ ó fi gbá bọ́ọ̀lù irin náà sókè, kí ẹ sì wá ọ̀nà fi í kọjá gólì.

Òbí tó bá rántí ọdún yẹn yóò mọ ìdí tí ara rẹ̀ fi yá. Ọdún 1994 ni Nàìjíríà kọ́kọ́ lọ sí Ife Àgbáyé. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, ní ìlú Dallas, Rashidi Yekini gbá góòlù àkọ́kọ́ wa wọlé, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, ó sì ń ké. 3 sí 0 la fi na Bulgaria lọ́jọ́ náà. Ọmọ tí wọ́n bí síhìn-ín lè má gbọ́ orúkọ Yekini rí. Nídìí ẹ̀rọ yìí, ẹ ó rí ìtàn sọ fún un.

Oore àkọ́kọ́ tí mo rí nínú eré náà nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá àti bàbá ẹni àádọ́ta ọdún lè jọ dúró tì í, kí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn, bí àwọn bàbá wa ti ń jókòó ti ọpọ́n ayò tí àwọn òǹwòran ń dá sí i. Oore kejì ni pé ó lópin. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta ló sábà máa ń wà nínú eré kan. Bí ìkẹta bá ti já bọ́, ó parí. Géèmù orí fóònù kì í sọ fún ọmọ pé ó tó. Oore kẹta ni ìkóra-ẹni-níjàánu. Ẹ lè ti àpótí náà díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù lè yà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá mì í jù, ọ̀rọ̀ náà TILT yóò hàn, apá méjèèjì á kú, bọ́ọ̀lù yẹn á sì bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ibi tó ti kan tẹ́tẹ́

Àwọn ẹ̀rọ ìgbà àkọ́kọ́ kò ní apá rárá. Èèyàn á ta bọ́ọ̀lù, á sì máa wo ibi tó máa bọ́ sí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n ń sanwó fún ẹni tó bá jẹ. Nítorí èyí, ní ọdún 1942, olórí ìlú New York, Fiorello La Guardia, lé e kúrò nílùú, wọ́n sì ń fi òòlù fọ́ àwọn àpótí náà. Ní 1947 ni ilé iṣẹ́ Gottlieb fi apá sí ẹ̀rọ wọn tó ń jẹ́ Humpty Dumpty, ṣùgbọ́n òfin New York kò yí padà títí di 1976. Lọ́dún yẹn, Roger Sharpe dúró nídìí ẹ̀rọ kan níwájú àwọn aṣòfin ìlú. Ó ní ojú ọ̀nà àárín ni bọ́ọ̀lù òun máa gbà. Ó ta á, àárín ló sì gbà. Wọ́n gbà pé ọgbọ́n ọwọ́ wà níbẹ̀, wọ́n sì fagi lé òfin náà.

Síbẹ̀, nǹkan kan ṣẹ́ kù. Bí eré bá parí, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń mú nọ́ńbà kan jáde. Bó bá bá nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn nínú máàkì yín mu, ẹ ti jẹ eré ọ̀fẹ́ kan. Àwọn ọmọ rò pé oríire ni. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tó ni ẹ̀rọ lè ṣètò iye ìgbà tí èyí á máa ṣẹlẹ̀. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àwọn ọdún 1990 máa ń ka iye èèyàn tó ń jẹ eré ọ̀fẹ́. Bí wọ́n bá ti ń pọ̀ jù, ẹ̀rọ náà á fúnra rẹ̀ gbé máàkì tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà sókè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tó ni ẹ̀rọ ló ń pinnu iye ìgbà tí ẹ ó jẹ. Nídìí pinball, dọ́là kan ni ẹ̀kọ́ náà ń ná yín. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2018 tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti fàyè gba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti fọwọ́ sí tẹ́tẹ́ eré ìdárayá, ìpolówó rẹ̀ ti kún inú tẹlifíṣọ̀n àti fóònù yín. Ọ̀rọ̀ tó ń mú èèyàn ki owó ẹyọ mìíràn bọ inú ẹ̀rọ, "ó kù díẹ̀ kí n jẹ," ló ń mú ọmọ yunifásítì fi owó ilé ìwé ta tẹ́tẹ́ lóru. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Kò lè dípò pápá

Gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì, mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un: ọrùn ọwọ́ àti ìka nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara rẹ̀ dáadáa fún ó kéré tán 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́, pinball kò sì sí nínú ìyẹn. Iná tó ń ṣẹ́jú sì lè mú kí wárápá gbé ìwọ̀nba àwọn kan tó ní in. Òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Nínú ẹ̀rọ World Cup Soccer, Jámánì lẹ máa bá pàdé ní àṣekágbá, nígbà gbogbo. Lórí pápá lọ́dún yẹn, Jámánì kò tilẹ̀ dé ibẹ̀: Bulgaria tí àwa nà ní 3 sí 0 ló lé wọn lọ sílé. Ohun tí wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ ló ń ṣe. Pápá gidi ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ti ń gbé bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíràn, bí a sì ti ń bọ ọwọ́ ẹni tó nà wá.

Ohun tí a lè ṣe

Ẹ pinnu owó kí ẹ tó wọlé. Ẹ ṣẹ́ dọ́là márùn-ún sí owó ẹyọ. Bó bá tán, ó tán. Bí nọ́ńbà ìparí bá jáde, ẹ bi ọmọ yín pé, "Ta ló pinnu èyí?" Bí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ bá ní ká ra ọ̀kan sí gbọ̀ngàn, ẹ rántí pé ẹ̀rọ tuntun ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, ó wúwo tó nǹkan bíi 250 pọ́n-ùn, ó sì ń fẹ́ àtúnṣe. Ó sàn ká kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń sanwó ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, bíi Pacific Pinball Museum ní Alameda, California. Níbi tí kò ti sí owó ẹyọ, "ó kù díẹ̀" kò lágbára.

Pọ́ọ̀lù kò kórìíra eré ìdárayá. Ó fi eré sísá ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ará Kọ́ríńtì, ó sì sọ fún Tímótì pé èrè rẹ̀ kéré sí ti ìwà-bí-Ọlọ́run. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣeré, ẹ bá wọn ṣe é, kí ẹ sì jọ mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ fi í sílẹ̀. Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti tọ́ wọn. Àmín.