Orúkọ kan láàárín mílíọ̀nù mẹ́wàá: báwo ni a ṣe ń rí i?

Bí òbí kan bá lọ sí mairie láti gba ẹ̀dà ìwé ìbí ọmọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ kì í béèrè orúkọ ọmọ náà nìkan. Yóò tún béèrè ọdún tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ àti nọ́ńbà tí ó wà lórí ìwé náà. Bí òbí bá ní méjèèjì lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ á dìde, á fa ìwé ńlá ọdún náà yọ, á ṣí ojú ewé náà, iṣẹ́ parí. Ṣùgbọ́n bí òbí bá dáhùn pé, «Ọdún tí òjò pọ̀ gan-an ni a bí i», ọ̀rọ̀ di wàhálà. Ìwé wà níbẹ̀. Orúkọ ọmọ wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí kò mọ ibi tí ó wà yóò máa ṣí ewé kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò CEP tí ọmọ náà fẹ́ ṣe kò ní dúró dè é.

Kíkó nǹkan púpọ̀ pamọ́ kò ṣòro tó wíwá ẹyọ kan rí láàárín wọn. Lóde òní, orúkọ wa, owó tí a ń fi fóònù ránṣẹ́ àti gbèsè tí a jẹ ti ń kúrò nínú ìwé, wọ́n ń wọ inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní ordinateur. Ní ọdún 2017, ìjọba Benin bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ ńlá kan tí wọ́n pè ní RAVIP. Wọ́n ya àwòrán ojú ẹni kọ̀ọ̀kan, wọ́n gba ìtẹ̀ka rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀. ANIP ni àjọ tí ó ń tọ́jú àkójọ náà. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2013, ènìyàn 10 008 749 ni wọ́n kà ní ilẹ̀ Benin. Ẹ fi ojú inú wo ìwé kan tí orúkọ gbogbo wọn wà nínú rẹ̀, orúkọ 50 lójú ewé kọ̀ọ̀kan: ojú ewé rẹ̀ yóò lé ní 200 000. Báwo wá ni òṣìṣẹ́ ṣe ń tẹ nọ́ńbà yín, tí orúkọ yín sì ń yọ kí ẹ tó ṣẹ́jú?

Ọgbọ́n àkọ́kọ́ ni títò. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ìwé kíkà mọ̀ pé a kì í wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè láti ewé kìíní. Bí a bá ń wá «kókó», a ó ṣí ìwé náà láàárín. Bí a bá bá lẹ́tà M níbẹ̀, a mọ̀ pé a ti kọjá ibẹ̀. A ó pa ìdajì tí ó wà lẹ́yìn tì, a ó sì ṣí àárín ìdajì tí ó wà níwájú. Bẹ́ẹ̀ ni a ó máa pín in sí méjì títí a ó fi bá a. Bí orúkọ bá jẹ́ 1 000, tí a sì ti tò wọ́n, ìgbà 10 péré ni a ó ṣí ìwé. Bí wọ́n bá jẹ́ 1 000 000, ìgbà 20 ni. Bí wọ́n bá jẹ́ mílíà kan, èyí tí í ṣe 1 000 000 000, ìgbà 30 ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà: orúkọ di ìlọ́po 1 000, ìgbésẹ̀ 10 péré ni ó kún un. Ẹ̀rọ olówó ńlá tí a da orúkọ sínú rẹ̀ láìtò kò lè bá ẹ̀rọ pọ́ọ́kú tí a to orúkọ sínú rẹ̀ dọ́gba.

Ṣùgbọ́n a kò lè to ìwé kan ṣoṣo lọ́nà méjì. Bí a bá fi orúkọ tò ó, ẹni tí ó mú nọ́ńbà nìkan wá yóò dúró pẹ́. Nítorí èyí, a ń ṣe ìwé kékeré mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ńlá. Nọ́ńbà nìkan ni ó wà nínú rẹ̀, ní títò, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì ń tọ́ka sí ojú ewé tí ẹni náà wà. Ìwé atọ́ka ni. Àwọn ará Faransé ti mọ àǹfààní rẹ̀ tipẹ́. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 1792 gba ìwé ìbí lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi í sí ọwọ́ ìjọba ìlú, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n máa ṣe atọ́ka orúkọ lọ́dọọdún, kí wọ́n sì tún máa ṣe òmíràn ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Atọ́ka kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Bí wọ́n bá bí ọmọ tuntun, a ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, a ó sì tún kọ ọ́ sínú gbogbo atọ́ka tí a ní. Bí atọ́ka bá jẹ́ márùn-ún, ìgbà mẹ́fà ni a ó kọ ọ́.

Ẹ̀rọ ní ìṣòro kan tí ìwé kò ní. Ibi méjì ni ó ń kó nǹkan sí. Ọ̀kan yá, ṣùgbọ́n ó kéré, ó sì wọ́n. Èkejì tóbi, kò wọ́n, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Ó dà bí ọjà tí ìyálọ́jà pàtẹ síwájú àti èyí tí ó kó sí ilé ìkẹ́rù lẹ́yìn. Àwo irin tí ń yí nínú ẹ̀rọ, tí wọ́n fi ń tọ́jú àkójọ ńlá, máa ń lo nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó mú ewé kan wá. Ó jọ pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí a bá rán an lọ ní ìgbà 1 000 000, yóò gba wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 46.

Ní nǹkan bí ọdún 1970, àwọn ọkùnrin méjì, Rudolf Bayer àti Edward McCreight, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún Boeing, ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, wá ọ̀nà láti dín ìrìn yìí kù. Wọ́n to atọ́ka bí igi tí gbòǹgbò rẹ̀ wà lókè. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ewé àkọ́kọ́ ní ìtọ́ka 500: «láti ibí dé ibí, gba ọ̀nà yìí, láti ibí dé ọ̀hún, gba ọ̀nà yẹn». Ìtọ́ka kọ̀ọ̀kan gbé wa dé ewé tí òun náà ní ìtọ́ka 500. Bí ìpele bá di mẹ́ta, 500 lọ́nà 500 lọ́nà 500, ó di 125 000 000. Gbogbo ènìyàn Benin wọ inú rẹ̀, àyè sì ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ. Ìrìn mẹ́ta péré sí ilé ìkẹ́rù, ó tán. Igi B ni wọ́n pè é. Àwọn méjèèjì kò sọ ohun tí B yẹn dúró fún nínú ìwé wọn, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń jiyàn lé e lórí: àwọn kan ní Bayer ni, àwọn mìíràn ní Boeing ni. Irú igi yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkójọ ńlá ṣì ń lò títí di òní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan àwa ọmọ Yorùbá gan-an nìyí. Ẹ̀rọ kì í gbọ́ orúkọ. Lẹ́tà ni ó ń rí. Ká ní ọkùnrin kan wà ní Kétu tí ó ń jẹ́ Adéṣínà. Akọ̀wé tí ó kọ́ èdè Faransé kọ ọ́ ní Adechina sínú ìwé ìbí rẹ̀. Nígbà tí ó lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, wọ́n kọ ọ́ ní Adesina. Ní ibòmíràn, wọ́n kọ ọ́ ní Adeshina. Ẹnì kan ṣoṣo ni. Lójú ẹ̀rọ, ẹni mẹ́ta ni, wọn kò sì sí ní ojú kan náà nínú títò, nítorí c jìnnà sí s. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, bí àwọn ọmọ bá fẹ́ gba owó tí ó fi pamọ́, wọ́n lè sọ fún wọn pé bàbá wọn kò sí nínú àkójọ. Ẹ̀rọ kò purọ́. Ẹni tí wọ́n ní kí ó wá ni kò rí.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ọdún 1918, Robert Russell, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà kan láti to orúkọ bí ó ṣe ń dún, kì í ṣe bí a ṣe kọ ọ́. Lẹ́yìn àtúnṣe, ọ̀nà náà di ohun tí a mọ̀ sí Soundex. Lẹ́tà àkọ́kọ́ dúró. A yọ àwọn fáwẹ́lì kúrò, àti h, w àti y. Kọ́ńsónáǹtì tí dídún wọn súnmọ́ra gba nọ́ńbà kan náà: d àti t gba 3, c, s, k àti j gba 2, m àti n gba 5. Nọ́ńbà mẹ́ta ni a ń kọ. Bí wọn kò bá pé, a ó fi òdo kún un. Nígbà tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò owó ìfẹ̀yìntì ní àwọn ọdún 1930, ọ̀pọ̀ àgbà kò ní ìwé ìbí tí wọn yóò fi mọ ọjọ́ orí wọn. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi to orúkọ inú ìkànìyàn ọdún 1880, kí wọ́n lè rí àwọn àgbà wọ̀nyí nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́mọdé.

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Adechina di A325. Adesina di A325. Adeshina náà di A325. Ó dára púpọ̀! Ṣùgbọ́n ẹ wo Àjàyí. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní Ajayi, ó di A200. Bí akọ̀wé bá kọ ọ́ ní Adjayi, bí wọ́n ti ń ṣe ní Àjàṣẹ́ àti Ṣábẹ, ó di A320. Lẹ́tà d tí èdè Faransé fi ṣáájú j ti pín ọmọ ìyá méjì níyà. Etí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe ọ̀nà náà fún. Ohun tí àwa nílò ni èyí tí ó mọ̀ pé ch, sh àti ṣ jẹ́ ọ̀kan, pé dj àti j jẹ́ ọ̀kan, pé ou ni u. Lójú tèmi, iṣẹ́ yìí kò kọjá agbára àwọn tí ó mọ èdè wa ní ìhà méjèèjì ààlà, ó sì yẹ kí wọ́n pè wọ́n sí i kí orúkọ tó wọ ẹ̀rọ tán.

Nítorí pé orúkọ ń yí, wọ́n ń gba ìtẹ̀ka. Ṣùgbọ́n ìlà ìka kò ní A, B, D. Báwo ni a ó ṣe tò ó? Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ènìyàn mílíọ̀nù 10, tí a sì ń fi ẹni kọ̀ọ̀kan wé gbogbo àwọn yòókù, ìfiwéra náà yóò tó mílíọ̀nù 50 lọ́nà mílíọ̀nù kan. Ní Calcutta, ní ilẹ̀ Íńdíà, ní ọdún 1897, wọ́n ti rí ọgbọ́n kan dá sí i. Orúkọ ọ̀gá ọlọ́pàá Edward Henry ni wọ́n fi pe ọgbọ́n náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Íńdíà méjì, Azizul Haque àti Hem Chandra Bose, ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà lábẹ́ rẹ̀, Haque ni ó sì ṣe ìṣirò rẹ̀. Wọ́n ń béèrè ohun kan lórí ìka kọ̀ọ̀kan: ṣé ìlà rẹ̀ ká bí omi tí ń yí po, tàbí kò ká? Ìdáhùn méjì, ìka mẹ́wàá: ó di àpótí 1 024. Bí ìtẹ̀ka tuntun bá dé, àpótí tirẹ̀ nìkan ni wọn yóò yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ òde òní ń wo ibi tí ìlà parí àti ibi tí ó ti pẹ̀ka, ṣùgbọ́n òun náà kì í ṣí gbogbo àpótí tán. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Íńdíà ṣe títí ènìyàn tí ó wà nínú àkójọ Aadhaar fi kọjá mílíà kan ní ọdún 2016.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀dà. Àkójọ tí ó wà níbì kan ṣoṣo kò tí ì sí ní ìpamọ́. Ẹ̀dà tí ó wà lókèèrè, ó nílò ọ̀nà: ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn inú òkun tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì bàjẹ́ nítòsí Abidjan, iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú ní Benin àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè etí òkun. Ẹ̀dà tí ó wà nítòsí ara wọn náà ní ewu tirẹ̀. Ìlú Paris ní ẹ̀dà méjì fún ìwé ìbí, ìgbéyàwó àti ikú àwọn ará ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Ọ̀kan wà ní ibi ìpamọ́ ìwé ìlú, èkejì wà ní ààfin ìdájọ́. Ìlú kan náà ni méjèèjì wà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1871, nígbà ogun abẹ́lé tí wọ́n ń pè ní Commune, iná jó ilé méjèèjì. Àwọn ìwé tí ó ṣáájú ọdún 1860, nǹkan bí mílíọ̀nù 8, di eérú. Láti ọdún 1872 ni ìjọba ti ń bẹ àwọn ìdílé pé kí wọ́n mú ìwé tí ó wà nílé wọn wá, wọ́n sì lọ wo ìwé ìrìbọmi àwọn ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ náà gba ọ̀pọ̀ ọdún. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọ́n rí tún kọ.