“The Eleko” àti Eleko: Àwọn Ọ̀rọ̀ Kéékèèké inú Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì

Ní 1931, ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dá ẹjọ́ tí Ọba Èṣùgbàyí pe ìjọba amúnisìn lórí bí wọ́n ṣe lé e kúrò ní Èkó. Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, “the Eleko” ni wọ́n ń pe Ọba Èkó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn bá yọ “the” kúrò, tí ó kọ “He went to see Eleko”, òǹkàwé òde òní lè rò pé abúlé etíkun tó wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí ni ẹni náà lọ wò. Lẹ́tà mẹ́ta ló pààlà sáàárín ọba àti ìlú.

Yorùbá kò ní wúnrẹ̀n tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní dandan. “Mo ra ẹja” pé pérépéré. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ni yóò jẹ́ kí a mọ̀ bóyá ọ̀kan ni tàbí púpọ̀, bóyá olùgbọ́ sì mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, “I bought fish”, “I bought a fish” àti “I bought the fish” yàtọ̀ síra. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé a ti kọ́ ọmọ pé “náà” ni “the”, pé “kan” sì ni “a”. Ohun tí a ti dárúkọ ni “náà” sábà máa ń tọ́ka sí. Apẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu kò ní sọ pé “òkun náà ń ru”. “Òkun ń ru” ni yóò wí, nítorí òkun kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀. Ìdí yẹn gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń bèèrè “the”: “The sea is rough.” Bákan náà, “Olùkọ́ ni ìyá mi” kò ní “kan”, ṣùgbọ́n “My mother is a teacher” kò lè ṣe aláìní “a”. “Ìmọ̀ràn kan” ni ó sì ń bí “an advice”, bẹ́ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ka “advice” ní oókan. Ti orúkọ ibi, àkọ́sórí ló pọ̀ jù níbẹ̀: “Eleko Beach” kò gba “the”, “the beach at Eleko” gbà á.

Èyí tó le jù ni “Although the sea was rough, but the fishermen went out.” Olùdánwò yóò fa ìlà sí “but”, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, nítorí Yorùbá ń fi àmì sí awẹ́ gbólóhùn méjèèjì: “Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun ń ru, síbẹ̀ àwọn apẹja wọkọ̀ lọ.” Àwọn elédè Ṣáínà náà ní irú ètò yìí, wọ́n sì ń ṣe àṣìṣe kan náà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, “although” ti sọ awẹ́ àkọ́kọ́ di afarahẹ, “but” sì ń fẹ́ awẹ́ méjì tó dọ́gba. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ lọ.

Ohun tí a kì í sábà sọ ní kíláàsì ni pé “síbẹ̀” kì í ṣe “but”. “Ṣùgbọ́n” ni “but”. “Síbẹ̀” sún mọ́ “still” àti “yet”, Gẹ̀ẹ́sì kò sì kọ̀ wọ́n: “Although the sea was rough, they still went out.” Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní láti ju èrò rẹ̀ nù. “Òkun ń ru lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n lọ” náà ti ní ibùgbé tirẹ̀: “The sea was rough, but they went out.” Ní ti “despite”, ọ̀rọ̀ orúkọ ló ń tẹ̀ lé e, kò sì fẹ́ “of” lẹ́yìn. “Despite the rough sea” ni ó tọ́. Ẹni tó kọ “Despite of rough sea” ti fi “of” kún un, ó sì tún ti gbàgbé “the”.