Ike Tó Ń Gba Kọnkéré Lọ́wọ́ Iná

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fọ́ kọnkéré. Bí wọ́n bá ń kọ́ ilé alájà, wọ́n á bù nínú èyí tí wọ́n pò, wọ́n á rọ ọ́ sínú àpótí irin tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 150, wọ́n á rì í sómi, wọ́n á sì gbé e wá bá mi nígbà tó bá pé ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 28. Èmi á gbé kíúbù náà sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ fọ́. Kọnkéré lásán kì í kú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Á dún gbàà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fò dànù, èyí tó kù láàárín á rí bíi gángan tí wọ́n gbé nàró.

Èyí tí wọ́n fi àwókù ilé ṣe, tí wọ́n wá da fọ́nrán sí, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á sán káàkiri, ṣùgbọ́n odindi ni màá gbé e kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ.

Àwókù kì í ṣe nǹkan tuntun. Lẹ́yìn ogun tó parí ní 1945, àwókù ìlú tí bọ́ǹbù wó ni wọ́n lọ̀ láti fi tún ilé kọ́ ní Jámánì. Wàhálà rẹ̀ ni omi. Sìmẹ́ǹtì àtijọ́ ṣì lẹ̀ mọ́ òkúta àwókù náà lára, ihò wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń mumi ju gíráníìtì lọ. Bíríkìlà á rí i pé kọnkéré òun ti le jù, á tún bomi sí i, agbára rẹ̀ á sì lọ. Ẹni tó mọṣẹ́ á ti rin àwókù náà dáadáa kó tó pò ó. Bí ìdá 30 nínú 100 òkúta bá jẹ́ àwókù, ẹ̀rọ mi kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ àwókù pátápátá, ó máa ń hàn.

Fọ́nrán ńkọ́? Kò fi nǹkan púpọ̀ kún agbára tí kọnkéré fi ń gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Ibi tí kọnkéré kú sí ni bí wọ́n bá ń fà á tàbí tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ: agbára rẹ̀ níbẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni fọ́nrán irin, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 6, tí wọ́n tẹ ẹnu rẹ̀ bí ìwọ̀, ti ń di ìhà méjèèjì ojú sísán mú. Ẹni tó bá ti ka Ẹ́kísódù orí 5 á rántí koríko tí Fáráò ní kí wọ́n má fún àwọn tó ń ṣe bíríkì mọ́. Fọ́nrán náà nìyẹn.

Iná ló mú kí n fẹ́ràn fọ́nrán ike. Bí iná bá ń jó kọnkéré, omi tó wà nínú rẹ̀ á di oruku gbígbóná. Bí kọnkéré bá ki jù, oruku kò rọ́nà jáde, ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ dànù, iná á sì kan irin inú rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1996, ọkọ̀ tó wà lórí rélùwéè jóná nínú ihò abẹ́ òkun tó so Ìlú Ọba mọ́ Faransé. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n kọnkéré tó lágbára gan-an níbẹ̀ bẹ́ títí ó fi fẹ́lẹ́ láwọn ibì kan. Ike tí wọ́n fi ń ṣe fọ́nrán náà, tí wọ́n ń pè ní pọlipirópílìn, máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 165°C. Bó bá ti yọ́, ojú ọ̀nà tín-ín-rín ló kù, oruku á gbabẹ̀ jáde. Ìlànà ìkọ́lé Yúróòpù dá a lábàá pé kí fọ́nrán náà ju kílò 2 lọ nínú mítà onígun mẹ́ta kan, fún kọnkéré tó le gan-an. Fọ́nrán náà kò ní kí ooru má pa kọnkéré o: bí ooru bá dé 600°C, agbára kọnkéré lè má tó ìdajì mọ́.

Bàbá bíríkìlà kan bi mí pé, "Ṣé n ò lè tú àpò ìrẹsì sí i ni?" Ike kan náà ni lóòótọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀." Tàpò fẹ̀, á dì jọ sójú kan, oòrùn sì ti jẹ ẹ́. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ yìí tín-ín-rín ju irun orí lọ, mílímítà 6 sí 12 ni wọ́n gé e. Fún gọ́tà àti ilẹ̀ àgbàlá, mo ní kí wọ́n máa lo àwókù wọn. Ti òpó ilé alájà, kí wọ́n má yọ ọ̀pá irin kankan kúrò, kí wọ́n sì kọ́kọ́ gbé kíúbù wá kí n fọ́ ọ.